Ooru, Ọ̀dá àti Owó Kòkó: Ojú-Ọjọ́ nínú Ìtàn Ọrọ̀ Ajé Ilẹ̀ Yorùbá, 1880 sí 2024

Àṣamọ̀

Àwọn òpìtàn tó kọ̀wé lórí kòkó ní ilẹ̀ Yorùbá sábà máa ń fi iye owó ọjà, owó orí àti ìṣèlú ṣàlàyé bí ọrọ̀ rẹ̀ ṣe gòkè àti bí ó ṣe wálẹ̀. Iṣẹ́ yìí gbà pé òdodo ni wọ́n sọ, àmọ́ ó fi hàn pé ohun kan wà tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí: ooru àti ọ̀dá. Ó tọpa kòkó láti Agége dé Oǹdó. Ó wo ọ̀dá ọdún 1972 sí 1973 àti ti 1982 sí 1983. Ó sì wo ọdún 2023 àti 2024, nígbà tí owó kòkó gòkè ju ti ìgbàkígbà rí lọ, tí èso rẹ̀ sì dínkù. Àbájáde rẹ̀ ni pé ooru kì í dá ba ọrọ̀ jẹ́. Ibi tí nǹkan ti lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó máa ń gbà wọlé, inú agbo ilé ni ìpalára rẹ̀ sì máa ń balẹ̀ sí: lórí owó ilé-ìwé, lórí oúnjẹ, àti lórí iṣẹ́ àwọn obìnrin.

Ìfáárà

Bí ènìyàn bá dúró ní Dùgbẹ̀ ní ìlú Ìbàdàn, ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kan ni yóò kọ́kọ́ kó sí i lójú. Ilé Kòkó ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, orúkọ náà sì ti tó láti sọ ibi tí owó tí wọ́n fi kọ́ ọ ti wá. Owó kan náà yìí ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbára lé nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ṣẹrẹ ọdún 1955, àti nígbà tó dá ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán sílẹ̀ ní 1959. Kò sí òpìtàn tí yóò kọ ìtàn ọ̀làjú ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún ogún tí yóò fo kòkó dá.

Síbẹ̀, bí a bá ka ohun tí wọ́n kọ, ọjà àti ìjọba ni ó kún inú rẹ̀. A ń ka ìtàn àwọn òyìnbó oníṣòwò, ti àjọ tó ń ra kòkó fún ìjọba, ti owó orí, ti Àgbẹ̀kọ̀yà. Ojú-ọjọ́ kì í sábà wọ inú ìtàn náà àfi bí ẹni ń ṣe àlàyé ẹ̀gbẹ́ ìwé. Ohun tó fà á kò ṣòro láti mọ̀: iye owó ọjà wà nínú ìwé ìjọba lọ́dọọdún, àmọ́ ooru tó mú àgbẹ̀ lórí ní oko kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Lónìí, ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi sí ẹ̀gbẹ́ mọ́. Àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé láàárín ọdún 2011 sí 2020, ayé móoru ju bí ó ti wà ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún lọ ní nǹkan bíi dígírì 1.1 ti Sẹ́líṣíọ̀sì. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Dell, Jones àti Olken, tẹ ìwádìí kan jáde tó wo àwọn orílẹ̀-èdè ayé láti 1950 sí 2003. Wọ́n rí i pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tálákà, ọdún tí ooru bá fi dígírì kan ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé ọdún náà máa ń dínkù ní ìwọ̀n 1.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, wọn kò rí irú ìpalára bẹ́ẹ̀. Ìṣirò yìí wúlò, àmọ́ kò sọ ọ̀nà tí ooru ń gbà wọ inú ilé. Ìtàn kòkó lè sọ ọ́.

Igi tó nífẹ̀ẹ́ ibòji

Kòkó kì í ṣe igi ilẹ̀ Áfíríkà. Inú igbó tútù ní Gúúsù Amẹ́ríkà, lábẹ́ àwọn igi gíga, ni ó ti hù wá, kò sì tíì gbàgbé ibẹ̀. Ó fẹ́ kí òjò tó tó mìlímítà 1,500 sí 2,000 rọ̀ lọ́dún, kí oṣù tí òjò rẹ̀ kò tó mìlímítà 100 má sì ju mẹ́ta lọ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ooru tó bá kọjá dígírì 32 máa ń mú un lára. Gbòǹgbò tó fi ń mu omi kò jinlẹ̀. Òkè ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn wà. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, òun ni ó máa ń kọ́kọ́ mọ̀.

Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ gbin kòkó mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ìwé kọ́ ọ. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò sáàárín ọmọ kòkó, kí ewé wọn lè ṣíji bò ó ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ àti èkejì. Ó mọ̀ pé bí ọyẹ́ bá pẹ́, àwọn èso kéékèèké yóò dúdú, wọn yóò sì gbẹ sórí igi láìtíì gbó. Ó mọ̀ pé láti ìgbà tí òdòdó bá ti di èso, oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà ni yóò fi retí kó tó pọ́n, àti pé ọ̀dá tó bá wọ àárín oṣù wọ̀nyí kì yóò hàn lójú ọjà títí di ìgbà ìkórè. Gbèsè tí ojú-ọjọ́ bá jẹ ní Èrèlè, Ọ̀wàrà ni àgbẹ̀ máa ń san án.

Wàyí o, ibo ni ilẹ̀ Yorùbá dúró sí nínú ìwọ̀n yìí? Eteetí ni. Òjò tó ń rọ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún kì í sábà ju nǹkan bíi mìlímítà 1,200 sí 1,300 lọ. Láti Bélú títí dé Èrèlè, nígbà mìíràn títí wọ Ẹrẹ́nà, òjò ibẹ̀ kì í tó mìlímítà 100 lóṣù. Èyí ju oṣù mẹ́ta tí igi náà lè fara dà lọ. Bí ènìyàn bá lọ sí ìlà-oòrùn, sí ẹgàn Oǹdó, òjò a máa pọ̀ sí i. Bí ó bá lọ sí àríwá, sí ọ̀dàn Ọ̀yọ́, òjò a máa dínkù, igbó a sì máa tán. Ìtumọ̀ èyí ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, apá kan nínú ọrọ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá jókòó sí ibi tí ìyípadà díẹ̀ nínú ooru tàbí òjò ti lè tì í ṣubú. Ibi tí agbára wà kọ́ ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ibi tí ó ṣì ṣeé ṣe ni.

Oko tó ń rìn

Nǹkan bíi ọdún 1880 ni James Pinson Labulo Davies, ọ̀gákọ̀ àti oníṣòwò ní Èkó, gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjọ́n, lẹ́bàá Agége. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọlọ́jà Èkó tí òyìnbó ti ń lé kúrò nídìí òwò rọ́ lọ sí oko. Jacob Kehinde Coker ti Ìfàkọ̀ ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Oko rẹ̀ di ibi tí àwọn èwe láti ìlú òkè ti ń wá ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń padà sílé, èso kòkó àti ẹ̀sìn ìjọ Áfíríkà ni wọ́n máa ń gbé lọ pọ̀.

Àsìkò náà bọ́ sí i. Ogun Kírìjì parí ní 1893 lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún, iṣẹ́ ogun sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn àti Ìjẹ̀ṣà. Oko ni wọ́n yà sí. Láàárín ogún ọdún, kòkó ti wọ igbó gúúsù Ìbàdàn, ó ti dé Ìlẹ̀ṣà, ó ti dé Oǹdó; lẹ́yìn náà ni ó wá gbilẹ̀ ní Ifẹ̀. Sara Berry, ẹni tó kọ ìtàn yìí dáadáa ní 1975, fi hàn bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣí kiri tí wọ́n ń wá igbó tí wọn kò tíì dá oko sí, tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún àwọn onílẹ̀.

Ohun tí kò yẹ kí a fojú fò nínú ìtàn náà ni ọ̀nà tí oko ń gbà rìn. Agége ni ó kọ́kọ́ kọ kòkó sílẹ̀. Nígbà tó fi di àárín ọdún 1920 sí 1930, àrùn, àárẹ̀ ilẹ̀ àti owó ọjà tó já wálẹ̀ ti jẹ́ kí púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ yí sí obì. Ìbàdàn ni ó tẹ̀lé e. Ní 1944 ni wọ́n rí àrùn tó máa ń wú ẹ̀ka kòkó ní agbègbè rẹ̀. Ìjọba àmúnisìn rán àwọn òṣìṣẹ́ láti gé àwọn igi tó ní àrùn, àwọn àgbẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ Máyégún sílẹ̀ láti kọ̀ ọ́, títí ìjọba fi ní láti dẹwọ́. Lẹ́yìn náà ni agbára kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, lọ sí Oǹdó. Lónìí, ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ó ṣáájú.

Kò tọ́ kí a sọ pé ooru ni ó lé kòkó láti Agége dé Oǹdó. Àrùn wà níbẹ̀, ilẹ̀ tó ti rẹ̀ wà níbẹ̀, ìwá-ilẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ sì wà níbẹ̀. Síbẹ̀, láti Ìbàdàn lọ sí Oǹdó, ẹsẹ̀ oko náà kò ṣèèṣì gba ìhà kan ṣoṣo. Ibi tí ó ń kúrò ni ibi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gùn. Ibi tí ó ń lọ ni ibi tí òjò ti pọ̀. Igi tí omi kò tó kì í lágbára láti kojú àrùn, oko tí wọ́n ti gé igbó rẹ̀ tán kì í sì ní ibòji tí yóò fi tún ọmọ kòkó gbìn. Níwọ̀n ìgbà tí igbó mìíràn bá ṣì wà níwájú, àgbẹ̀ lè sá fún ojú-ọjọ́. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí igbó bá tán.

Páànù lórí ilé

Owó kòkó kò dúró ní báǹkì. Ó wọ ilé, ọ̀nà tó sì gbà hàn jù ni orí òrùlé. Kó tó dé, ewé gbọ̀dọ̀gì ni wọ́n fi ń bo ilé ní ìhà igbó, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n sì ń lò ní ìhà ọ̀dàn. Ògiri amọ̀ nípọn, fèrèsé kéré, agbo ilé sì yí àgbàlá ká, tí ènìyàn lè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí oòrùn bá kàn. Ilé bẹ́ẹ̀ máa ń tutù lọ́sàn-án. Àléébù rẹ̀ ni pé iná máa ń mú un, òjò máa ń jò wọlé, ó sì di dandan kí wọ́n máa tún un bò lóòrèkóòrè.

Páànù gba àwọn ènìyàn lọ́wọ́ gbogbo wàhálà yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àgbẹ̀ tó bá ti kórè dáadáa ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta yóò fi páànù bo ilé. Bí ó bá rí ṣe sí i, yóò kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìlú tó ń dán láti òkèèrè di ìlú olówó. Ó yẹ kí ìtàn kọ èyí sílẹ̀ bí ìtẹ̀síwájú, nítorí ìtẹ̀síwájú ni lóòótọ́: ààbò kúrò lọ́wọ́ iná àti òjò kì í ṣe ohun kékeré.

Àmọ́ páànù tí kò ní àjà lábẹ́ máa ń gba oòrùn mọ́ra, á sì tú u sínú yàrá. Ní ayé tí ooru kò tíì pọ̀ tó ti ìsinsìnyí, àgbàlá àti ìta ilé ni àtúnṣe rẹ̀. Bí ìlú ṣe ń kún, tí wọ́n ń gé igi ojúde, tí yàrá ń pọ̀ sí i nínú ilé kan, àtúnṣe náà ń dínkù. Ohun tí àwọn baba fi owó kòkó rà fún ọlá ti wá di ohun tí àwọn ọmọ ọmọ ń sá fún ní òru Èrèlè àti Ẹrẹ́nà, tí wọ́n ń tẹ́ ẹní sí ìta. Nínú ọ̀rọ̀ páànù yìí ni a ti rí i kedere pé ọrọ̀ ajé tó ń dàgbà àti ìrọ̀rùn ilé kì í ṣe ohun kan náà. Wọ́n jọ ń rìn fún ìgbà kan. Bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pínyà.

Ibi kejì tí owó náà wọ̀ ni ilé-ìwé. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 sọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ti gbogbo ọmọ, àmọ́ ilé-ìwé gíga ṣì wà lọ́rùn òbí. Oko kòkó ni òbí fi ń san án. Nínú ìwádìí ńlá tí Galletti, Baldwin àti Dina ṣe láàárín àwọn àgbẹ̀ kòkó ní 1951 sí 1952, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1956, gbèsè wà lára ohun tó hàn jù nínú ìgbé ayé agbo ilé. Nígbà tí owó bá tán kí ìkórè tó dé, àgbẹ̀ a máa yá owó, a sì máa fi igi kòkó dógò. Ẹni tó yá a lówó ni yóò máa kórè igi náà títí gbèsè yóò fi tán. Ọdún kan tí ọ̀dá bá ba ìkórè jẹ́ lè tipa báyìí gba oko lọ́wọ́ ìdílé fún ọdún púpọ̀. Èyí ni ọ̀nà pàtàkì tí ojú-ọjọ́ ń gbà di ọ̀rọ̀ ogún: ọ̀dá a kọjá, òjò a padà, àmọ́ igi ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọ̀dá méjì

Ní àkókò ìkórè 1970 sí 1971, kòkó tí Nàìjíríà kórè lé ní tọ́ọ̀nù 300,000. Kò tún tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó fi di àárín 1980 sí 1990, kò tó ìdajì iye náà. Kí ni ó ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni epo rọ̀bì. Ó mú àwọn ọ̀dọ́ kúrò ní oko lọ sí ìlú, ó jẹ́ kí náírà wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí owó kòkó kò fi já mọ́ nǹkan lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó sì jẹ́ kí ìjọba gbàgbé oko. Àjọ tó ń ra kòkó náà ń fún àgbẹ̀ ní owó tó kéré púpọ̀ sí ti ọjà àgbáyé. Ìdáhùn yìí tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀dá méjì ńlá bọ́ sáàárín ọdún wọ̀nyí. Èyí tó kọ́kọ́ dé, ti 1972 sí 1973, ni ayé mọ̀ sí ọ̀dá Sàhẹ́lì, nítorí àwọn darandaran àríwá ni ó kọlù jù. Ó dé gúúsù pẹ̀lú: òjò dínkù, ẹ̀ẹ̀rùn sì gùn. Igi kòkó tó ti dàgbà fara dà á. Ọmọ kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ni kò rí ara gba á sí. Oko tí ìbá rọ́pò àwọn igi àgbà ní 1980 ni ó bá a lọ.

Ti 1982 sí 1983 le jù ú lọ. Ọyẹ́ pẹ́, ewé gbẹ, iná sì mú igbó láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kan dé èkejì. Ní Gánà, iná náà jó oko kòkó lọ bí ẹní jó pápá, ebi sì mú gan-an ní ọdún 1983. Iná pápá wọ oko ní ìhà tiwa náà. Ní oṣù Ṣẹrẹ ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò nílùú. Àwọn ará Gánà tó lọ lé ní ọ̀kẹ́ lọ́nà púpọ̀, wọ́n tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Wọ́n ń ru ẹrù padà lọ sí ilẹ̀ tó ń jó. Epo rọ̀bì ti já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ẹni tí wọn yóò lé. Bí ọjà bá ṣubú, tí ọ̀dá sì dé ní ọdún kan náà, ẹni tí kò ní ibi ìfẹ̀yìntì ni àwọn méjèèjì máa ń dì mọ́.

Bí a bá fi ọ̀dá méjèèjì wé ara wọn, ohun kan hàn. Ọ̀dá àkọ́kọ́ bá àgbẹ̀ tó ṣì ní ọ̀dọ́ nílé, tó ṣì ní igbó níwájú. Ọ̀dá kejì bá bàbá arúgbó tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti di akọ̀wé ní ìlú, tí igi rẹ̀ ti darúgbó bíi tirẹ̀. Owó kòkó ni ó rán àwọn ọmọ náà lọ sí ilé-ìwé. Ẹ̀kọ́ tó jẹ́ èrè oko ni ó mú ọwọ́ kúrò ní oko, tí ẹnikẹ́ni kò fi sí nílé láti pa iná. Nígbà tí ìjọba tú àjọ tó ń ra kòkó ká ní 1986, tí owó tí àgbẹ̀ ń gbà sì gòkè, ọ̀pọ̀ padà sí oko. Àwọn igi tí ọ̀dá ti pa kò lè bá wọn padà.

Ara àgbẹ̀ àti ọwọ́ obìnrin

Ọ̀nà mìíràn wà tí ooru ń gbà dín ọrọ̀ kù tí kò kan igi rárá. Ara ènìyàn ni. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá oòrùn pín ọjọ́: ìdájí ni wọ́n ń jí lọ sí oko, iṣẹ́ tó le ni wọ́n ń fi ìyálẹ̀ta parí, ọ̀sán gangan ni wọ́n sì ń sinmi nínú ahéré. Ètò yìí dára, àmọ́ wákàtí tó wà nínú rẹ̀ ní òdiwọ̀n. Bí ooru bá tètè mú, ìyálẹ̀ta a kúrú, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin a di ti ọjọ́ márùn-ún. Lébìrà tí wọ́n ń san owó ojoojúmọ́ fún kò ní gba owó ọjọ́ karùn-ún lọ́fẹ̀ẹ́. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣírò ní 2019 pé nígbà tí yóò bá fi di 2030, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yóò máa pàdánù ìwọ̀n 4.8 nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ nítorí ooru. Gúúsù Éṣíà nìkan ni wọ́n ṣírò pé yóò pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìṣirò bẹ́ẹ̀ máa ń wo iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún. Èyí tí wọn kì í sanwó fún ńkọ́? Ní oko kòkó, ọkùnrin ni ó máa ń já èso, àmọ́ àwọn obìnrin àti ọmọ ni wọ́n sábà máa ń kó o jọ, tí wọ́n ń ru ú, tí wọ́n ń sá a sí oòrùn. Lẹ́yìn ìyẹn, omi tí wọn yóò pọn wà, igi tí wọn yóò ṣẹ́ wà, oúnjẹ wà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó gùn, odò tó wà nítòsí a gbẹ, ọ̀nà omi a sì jìn sí i. Kò sí ẹni tó ń kọ wákàtí yẹn sílẹ̀.

Nígbà tí kòkó bá kùnà, òwò obìnrin ni ó máa ń gbé ilé ró: gàrí, epo, èlùbọ́, aṣọ. Òwò yìí ní owó ìdókòwò tirẹ̀, tí ìyàwó ti ń tọ́jú lọ́tọ̀ sí owó ọkọ. Ní ọdún tí nǹkan bá le, owó ìdókòwò ni ó máa ń di owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé. Bí a bá wo ìwé ìṣirò ìjọba, ilé náà kò tíì bàjẹ́, nítorí wọ́n ṣì ń jẹun. Ohun tó ti tán ni agbára ìyá láti padà sọ́jà ní ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀kan nínú ohun tó jẹ́ kí òpìtàn má tètè rí ìpalára ooru nìyí: àwọn obìnrin ti fi owó ara wọn bò ó mọ́lẹ̀ kó tó dé inú ìwé.

Ọdún tí owó gòkè

Ní oṣù Èrèlè 2024, ooru kan mú gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí àwọn àgbàlagbà kò fi bẹ́ẹ̀ rí irú rẹ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ jẹ́ kó dà bíi pé ooru náà kàn dígírì 50 lára ènìyàn ní àwọn ibì kan ní Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ tó ń wádìí irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ sọ láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé ìyípadà ojú-ọjọ́ tí ọwọ́ ènìyàn fà ti jẹ́ kí ó rọrùn ní ìlọ́po mẹ́wàá kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ọdún 2023 tó ṣáájú rẹ̀ ti fi òjò àpọ̀jù ba èso jẹ́ ní Côte d'Ivoire àti Gánà, tí àrùn tó ń sọ èso di dúdú sì gbilẹ̀. Kì í ṣe ohun tó ta kora: afẹ́fẹ́ tó móoru máa ń gba omi púpọ̀ sí i, nígbà tó bá sì tú u sílẹ̀, á tú u sílẹ̀ pọ̀.

Kòkó di ọ̀wọ́n. Kó tó di 2023, owó tọ́ọ̀nù kan ní ọjà New York sábà máa ń wà láàárín 2,000 sí 3,000 dọ́là. Ní ìparí 2024, ó kọjá 12,000. Òjò àti ooru nìkan kọ́ ni ó fà á. Igi arúgbó, àrùn tó ń wú ẹ̀ka àti àwọn tó ń wa góòlù nínú oko ní Gánà wà lára rẹ̀. Àgbẹ̀ Gánà àti ti Côte d'Ivoire, tí ìjọba wọn ti dá iye owó lé ṣáájú ìkórè, kò rí èrè náà bó ṣe yẹ. Ti Nàìjíríà, tí kò ní irú àjọ bẹ́ẹ̀ mọ́ láti 1986, tà á ní owó tí ọjà sọ.

Ó dà bí ẹni pé ìtàn fi àgbẹ̀ Oǹdó ṣe olórí ire, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹni tí igi rẹ̀ so ni ó jẹ èrè. Ẹni tí ọ̀dá ti pa oko rẹ̀, ẹni tí igi rẹ̀ wà ní ìdógò, àti lébìrà tí kò ní igi kankan, wọ́n kàn ń ra ìrẹsì ní ọjà kan náà ní ọdún tí oúnjẹ wọ́n jù lọ ni. Ní 2025, owó náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Fún orílẹ̀-èdè, ọdún èrè ni 2024 jẹ́ ní ti kòkó. Fún agbo ilé, ó da lórí ibi tí ojú-ọjọ́ àtijọ́ ti bá wọn.

Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí kò sọ pé ooru ni ó kọ ìtàn kòkó. Ọjà, ìjọba àti epo rọ̀bì ni wọ́n kọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé ìgbàkígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá fi àgbẹ̀ sílẹ̀ láìní ààbò, ooru àti ọ̀dá ni wọ́n máa ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, wọn kì í sì í jáde lọ́jọ́ kan náà. Gbèsè, igi tó wà ní ìdógò, owó ìdókòwò tó tán, ọmọ tó dúró sílé: ìwọ̀nyí ni ìwé tí ojú-ọjọ́ fi ń kọ ìtàn rẹ̀.

Owó tó gòkè ní 2024 ti rán ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sí oko. Igbó tó kù tí wọ́n lè dá sí kò pọ̀. Àwọn igbó ọba bíi ti Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti ti Olúwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n ń gé wọ̀. Igbó wọ̀nyí ni ó ń mú ibi tó yí wọn ká tutù. Igi kòkó a máa gbé tó ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: èyí tí wọ́n ń gbìn lónìí yóò ṣì máa so ní 2050, nínú ooru tí ẹni tó gbìn ín kò tíì rí rí. Àwọn tó kúrò ní Agége rí Ìbàdàn lọ. Àwọn tó kúrò ní Ìbàdàn rí Oǹdó lọ. Àgbẹ̀ tó ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ìdí ọmọ kòkó ní ọdún yìí ń ṣe ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bàbá ní igbó mìíràn lẹ́yìn èyí. Òun kò ní.